Abẹ́ Bàbá ni Bátìrì Wà

Bí àlejò bá wọ Òkè-Àgbọn, tí ó bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń yí ọ̀rọ̀ po, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé, "Ẹ ní kí bàbá dìde, abẹ́ bàbá ni bátìrì wà." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, àlejò á sì máa wò bọ̀ọ̀. Kí ló pa bàbá pọ̀ mọ́ bátìrì? Ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín.

Ọláníyọnu, ọmọ agboolé Alákọ, ló fẹ́ fẹ́ Ìbídùn ní Abúlé Ọ̀sàn. Ẹbí ọkọ ti yẹ ọjọ́ ìdána lẹ́ẹ̀kan, inú sì bí bàbá ìyàwó gidigidi. Ó ránṣẹ́ pé bí oòrùn bá kọjá àtàrí lọ́jọ́ Sátidé tí òun kò rí wọn, kí wọ́n má wá mọ́ láéláé. Ìfẹ́ ọmọ náà ti wọ Ọláníyọnu lára, ẹ̀rù sì ń bà á.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, wọ́n kó iṣu, obì àti oyin sínú ọkọ̀ Sàlámì, ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó. Ọkọ̀ kékeré rogodo tí a ń pè ní ìjàpá ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Bàbá Ògúnṣolá, olórí ẹbí, ló jókòó sẹ́yìn. Bàbá yìí kì í ṣe ènìyàn kékeré, yálà nípò tàbí lára. Bó ṣe jókòó, ọkọ̀ náà kérora. Sàlámì yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó tún un yí, kẹ́kẹ́ pa.

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àdúgbò ti pé. Ní Òkè-Àgbọn, ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ dà bí ọmọ tó ń sunkún: gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹnìkan ní púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí. Òmíràn ní epo ni kò dé ẹ́ńjìnnì. Sàlámì tú púlọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó dá a padà. Ó fẹnu fa epo, epo wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó wú ikọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ọjà, wọ́n sì tún tì í padà wálé, Bàbá sì wà nínú rẹ̀, ó ń juwọ́ sáwọn ènìyàn bí ọba.

Ibẹ̀ ni Múfú mẹkáníìkì bá wọn. Ó ní kí Sàlámì tẹ fèrè, fèrè ò dún. Ó ní kó tan iná, iná ò tàn. Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bátìrì ni."

"Níbo ló wà?" ni Ọláníyọnu bi í.

"Abẹ́ àga ẹ̀yìn. Ó jọ pé àga ti tẹ wáyà orí rẹ̀ yọ."

Gbogbo wọn wo ẹ̀yìn. Bàbá ń jẹ obì.

Àṣé èèwọ̀ agboolé Alákọ ni: olórí ẹbí tó bá ti jókòó láti lọ tọrọ ìyàwó kò gbọdọ̀ dìde títí yóò fi dé ọ̀hún. Wọ́n ní bó bá dìde, ìyàwó náà kò ní í lè jókòó nílé ọkọ. Ta ló fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bàbá?

Sàlámì dá ọgbọ́n. "Bàbá, ooru yìí mà pọ̀ o. Ẹ ò ṣe bọ́ sílẹ̀ gba atẹ́gùn?"

"Atẹ́gùn ibí tó mi."

Múfú náà gbìyànjú. "Ẹsẹ̀ yín á ti kú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká bá yín nà án."

"Ṣé ẹsẹ̀ tìrẹ ni?"

Wọ́n tún padà sídìí púlọ́ọ̀gì. Ní àkókò yìí, kò sí púlọ́ọ̀gì tó mọ́ tó ti Sàlámì ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Oòrùn ń gòkè. Ẹ̀rù Bàbá ń ba Ọláníyọnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kí Ìbídùn má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Abẹ́ yín ni bátìrì wà."

"Abẹ́ ta?"

"Abẹ́ yín, Bàbá. Bí ẹ ṣe jókòó ni àga tẹ̀ ẹ́, wáyà orí rẹ̀ sì yọ."

"Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo wa."

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń tì mí káàkiri ìlú bí ọmọlanke?" Ó mí kanlẹ̀. "N kò ní í dìde, èèwọ̀ ni. Àmọ́ àwọn baba wa kò ní kí ẹ má gbé mi."

Ọkọ̀ ìjàpá kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń fa Bàbá láti iwájú ni agbádá ń há, bàtà sì ń bọ́. Wọ́n gbé e jáde níjókòó, wọ́n gbé e ka orí àpótí, òun náà sì ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́rìí mi o, mi ò dìde!" Múfú ṣí àga, ó de wáyà náà mọ́ra, ó sì fi rọ́bà bo orí bátìrì. Sàlámì yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ bú jáde. Wọ́n gbé Bàbá síwájú.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àtàrí, bàbá ìyàwó sì ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí wọ́n dé. "Kí ló dá yín dúró?"

"Púlọ́ọ̀gì ni, sà," ni Sàlámì bẹ̀rẹ̀.

"Irọ́ ni," ni Bàbá Ògúnṣolá wí. "Èmi ni mo jókòó lé bátìrì. Ẹ̀rù mi ni kò jẹ́ káwọn ọmọ sọ fún mi."

Bàbá ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹbí tí àgbà rẹ̀ lè jẹ́wọ́ báyìí," ló wí, "ọmọ mi ò ní í jìyà níbẹ̀. Ẹ wọlé." Inú Ọláníyọnu dùn débi pé ó gbàgbé láti kí àna rẹ̀.

Ìbídùn ṣì wà nílé ọkọ rẹ̀ dòní. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọn tó mọ ibi tí ọ̀ràn wà, tí wọ́n ń tú ibòmíràn nítorí ìbẹ̀rù ẹni ńlá, ẹ sọ fún wọn pé: ẹ ní kí bàbá dìde, abẹ́ bàbá ni bátìrì wà.