Eérú Tí Wọ́n Dà Sódò

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ojoojúmọ́ lẹ ń fi òwe yìí bá ọmọ ọlọ́mọ wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ eérú padà ni. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni o, ikú sì wà níbẹ̀.

Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Ìdí-Ẹ̀lú, aláró ni gbogbo obìnrin ibẹ̀. Wọ́n á sẹ́ omi lára eérú igi, omi náà ni wọ́n fi ń po ẹ̀lú. Eérú tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a, wọ́n á tún un sun. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn ṣe fi lé wọn lọ́wọ́.

Ṣówándé ló ń ra aṣọ wọn, tó ń kó o lọ sétí òkun fún àwọn tó ń gbé e sọdá. Nígbà tí àwọn ará òkè òkun ń béèrè aṣọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìkánjú wọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n má tún eérú sun mọ́. Kí wọ́n máa gé igi tuntun, kí wọ́n sì da èyí tí wọ́n bá lò tán sódò. Bí wọn ò bá gbà, òun á wá aláró mìíràn.

Wọ́n gbà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Efúnyẹmí, olórí aláró, lọ bá a, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó yánnayànna.

"Bàbá Mosúnmọ́lá, ẹ dákun, ẹ wo ọwọ́ wa. Òkú ẹja ń léfòó. Omi yìí ń lọ síbì kan, àwọn èèyàn sì ń mu ún níbẹ̀."

"Ìyá Aláró, èmi ò rẹ aṣọ, èmi ò da eérú. Aṣọ ni mo rà. Ṣé ẹni tó máa wọ̀ ọ́ á bi mí léèrè ẹja ni?"

Hàáà, ẹnu èèyàn! Àwọn obìnrin náà ń da eérú sódò nìṣó, torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun.

Mosúnmọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ṣówándé bí. Ó wà nílé ọkọ, ní ìrìn ọjọ́ kan sí Ìdí-Ẹ̀lú. Ọ̀nà oko ni bàbá rẹ̀ máa ń gbà lọ kí i. Kò tọ ipa odò rí. Lọ́dún yẹn, ọ̀dá dá, kànga gbẹ, odò nìkan ló kù. Mosúnmọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi odò ni wọ́n ń fún ìkókó náà mu. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Kò lo ọ̀sẹ̀ méjì láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣówándé sáré dé. Ó bu omi nínú àmù láti bọ́jú, omi náà ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ.

"Níbo lẹ ti pọn èyí?"

Ọkọ ọmọ rẹ̀ dáhùn, "Odò wa ni, Bàbá. Bó ṣe dà nìyẹn láti ìgbà tí àwọn aláró òkè odò ti ń da eérú sí i."

Ṣówándé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mosúnmọ́lá bi í léèrè.

"Bàbá mi, ṣé aṣọ yín tà?"

Ibẹ̀ la ti mú un wí pé ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó ti ìdọ̀tí òwò rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tó ní òun kọ́ ló fọwọ́ dà á, nígbà tí ìyà rẹ̀ bá wọlé tọ̀ ọ́ wá. Òótọ́ lòwe náà, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí dọ́kàn: ìkókó tí eérú kọ́kọ́ tọ̀ yẹn, kò da nǹkan kan.