Pẹpẹ Tí Kò Bá Àjà Dọ́gba

Ọkùnrin kan wà tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi agolo àti wáyà ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré kan. Ìdérí ìgò ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Yàrá rẹ̀ nínú ilé bàbá wọn kò láyè, nítorí náà ó pinnu láti kan pẹpẹ tóóró mọ́ ògiri, kí ọkọ̀ náà lè máa rìn lórí rẹ̀ láti igun dé igun.

Fara balẹ̀ wo bó ṣe ṣe é. Kò fojú wọ̀n ọ́n. Ó bu omi sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, ó gbé ẹnu rẹ̀ kan sí igun kìíní, ó gbé ìkejì sí igun kejì. Ibi tí omi dúró sí níhà méjèèjì ló fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, ibẹ̀ náà ló kan igi tí yóò gbé pẹpẹ ró mọ́. Omi kì í ṣègbè, ṣé o rí i.

Àmọ́ nígbà tó parí, ẹ̀rín sọ nínú ilé. Pẹpẹ náà sún mọ́ àjà níhìn-ín, ó jìnnà sí i lọ́hùn-ún.

Ìyàwó ilé kan ní, "Bàbá Rélùwéè, ṣé ẹ kọ́kọ́ mu nǹkan kẹ́ ẹ tó kan èyí ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé, kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn àna wa ń bọ̀ wá kí wa ní Sátidé tó ń bọ̀. Jẹ́ kó bá àjà dọ́gba, tàbí kí o tú u."

Kí ọkùnrin náà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ti ní kí káfíńtà tún un kàn. Ó bá àjà mu rẹ́gí. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé e. Kò tíì yọwọ́ tán tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí yí lọ fúnra rẹ̀. Ó já bọ́ ní ìpẹ̀kun, iwájú rẹ̀ sì rún.

Ó kó o jọ. Ó tún gbé rọ́bà omi, ó tú pẹpẹ, ó dá a padà síbi àmì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú u lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibí yìí náà ni màá kàn án sí."

"Ṣé gbogbo wa la fọ́jú, tí ìwọ nìkan wá ríran?"

"Ojú yín ríran, sà. Ilé bàbá wa ló tẹ̀."

Ọmọ wo ló ń sọ pé ilé bàbá òun tẹ̀? Abẹ́ àjà yẹn ni gbogbo wọn dàgbà sí, òun ni wọ́n fi ń mọ ohun tó gún. Ẹ̀gbọ́n gba rọ́bà náà, ó gbé e sẹ́bàá àjà fúnra rẹ̀. Ó rí i pé omi náà kò bá àjà dọ́gba. Kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan pẹpẹ náà mọ́.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo gbọ́ pé wọ́n ní kí o fọwọ́ sí ìwé kan níbi iṣẹ́, tí o sì mọ̀ pé irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ló ti fọwọ́ sí i, pé ìwọ nìkan lo yàtọ̀. Tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí o bá ṣìnà, tètè yí padà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá tọ̀nà, jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sì na bírò sí ọ lọ́la, dá a padà fún wọn.