Omi Àkọ́kọ́ Nílé Olóyè

Olóyè Ládékojú na ìwé àyẹ̀wò tó ní iná mànàmáná ilé náà kò léwu sí Àbẹ̀jẹ́, opó oníṣu tí kò mọ̀wé, tó fẹ́ ra ilé rẹ̀: "O ní irọ́ ni ìwé mi. Kà á, kó o fi irọ́ náà hàn mí, àbí kó o gbàgbé owó tó o ti san." Ògiri ń kùn bí oyin, gílóòbù tí wọ́n ti pa ṣì ń tàn fẹ́ẹ́, alángbá sì kú sídìí ẹ̀rọ omi. Àbẹ̀jẹ́ ní, "Bàbá, nílùú wa, ẹni tó talé ló ń bu omi àkọ́kọ́ fẹ́ni tó rà á. Ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ bù ú." Olóyè nawọ́ sí ẹ̀rọ omi náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sáfẹ́fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ṣé bí ayálégbé ìjọsí ṣe kú lẹ fẹ́ kú ni?" Àbẹ̀jẹ́ ní, "Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ ti bá mi ka ìwé náà. Ẹ ní kí Bàbá gbówó mi wá."