Ọjọ́ Tí Ògúnjìnmí Jókòó Sójú Ọ̀nà

Ní ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ọkùnrin mọ́kànlélógún ni ó máa ń bá ọba gbìmọ̀. Mọ́kànlá nínú wọn ń gbé Ìsàlẹ̀, létí odò. Apẹja àti atukọ̀ ni wọ́n. Mẹ́wàá ń gbé Òkè. Àgbẹ̀ ni àwọn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ìfẹ́ ni ó kó wọn jọ o. Bí ará Ìsàlẹ̀ bá ní òjò ń rọ̀, ará Òkè á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò ná kí ó tó gbà.

Ládùntán ni olórí àwọn ará Ìsàlẹ̀. Baba rẹ̀ kò joyè rí. Ọkọ̀ ni ó ń tù, tí ó fi ń kó èrò ọjà sọdá odò. Ẹ̀gbẹ́ baba yìí ni Ládùntán ti kọ́ iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Láti kékeré ni ó ti máa ń wo èrò létí omi, tí yóò sì sọ ẹni tí yóò jókòó síwájú àti ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Nígbà tí ó wọ ìgbìmọ̀, ojú yẹn náà ni ó fi ń wo ènìyàn. Ó mọ ẹni tí kì í gba ọ̀rọ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Ó mọ ẹni tí a gbọ́dọ̀ yin iṣu oko rẹ̀ kí inú rẹ̀ tó yọ́. Ó mọ ẹni tí yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lónìí, tí yóò sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ́la. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí ó ti jẹ́ olórí, kò sì tíì wọ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kan láìmọ iye ènìyàn tí ó wà lẹ́yìn òun.

Bí wọ́n ṣe máa ń pín nìyí. Bí ọ̀rọ̀ bá le tí ẹnu kò kò, ọba á ní kí olúkúlùkù gbé àpótí ìjókòó rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ náà á gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ìlà-oòrùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ á gbé tirẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹnìkan kì í bá ẹnìkejì gbé àpótí. Bí a kò bá rí ọ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, a kò kà ọ́ mọ́ ìhà kankan. Bí ìhà méjèèjì bá sì dọ́gba, ọ̀rọ̀ náà kú, ó di ọdún tí ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún mẹ́nu bà á.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, iná ọyẹ́ jó abúlé Ìlágbẹ́ kanlẹ̀. Àwọn ará abúlé náà, igba ènìyàn ó lé díẹ̀, wá sí ẹ̀yìn odi Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n ń sùn lábẹ́ igi. Òfin ìlú sì ni pé àlejò lè sùn lẹ́yìn odi títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, kí ìlú fún un nílẹ̀, tàbí kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ládùntán fẹ́ kí ìlú fún wọn ní Àtàkò, ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí. Ó ti lọ wò wọ́n lábẹ́ igi, ó bá obìnrin kan tí ó bímọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àánú sì ṣe é débi tí kò lè jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Ògúnjìnmí, olórí àwọn ará Òkè, ni kò gbà. Ó fi ọdún mẹ́fà ju Ládùntán lọ. Ọkùnrin líle ni, ṣùgbọ́n a kò lè pè é ní ìkà.

"Ilẹ̀ kì í bímọ, Ládùntán," ni ó wí nínú ìgbìmọ̀. "Bí a bá kó Àtàkò fún àlejò lónìí, ibo ni àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò gbin iṣu sí?"

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ-ọmọ tí ẹ ń wí kò tíì dáyé," ni Ládùntán fèsì. "Àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ igi ti dáyé ní tiwọn."

"Ẹnu rẹ dùn. Ó ti ń dùn láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n kò yó mi rí."

Ọba rí i pé wọn kò ní gbọ́ ara wọn yé, ó sì dá ọjọ́ kẹsàn-án fún pípín. Ọjọ́ tí ọba bá dá kì í yẹ̀ ní ìlú náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí, Ládùntán kò fẹ̀yìn lélẹ̀. Méjì nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣiyèméjì. Ó bá èkíní lọ sí oko ẹja, ó bá a tú àwọ̀n ní odidi ọjọ́ kan láìsọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti gbà. Èkejì, ìyá rẹ̀ ni Ládùntán lọ kí. Nígbà tí ó ku ọ̀la, ó ka àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n pé mọ́kànlá. Mọ́kànlá sí mẹ́wàá ni yóò jẹ́. Ó sùn dáadáa.

Ilẹ̀ mọ́ tán ni wọ́n wá sọ fún un pé Baba Ọdẹ́yalé kò lè dìde. Baba yìí ni ó dàgbà jù nínú àwọn ará Ìsàlẹ̀. Ikọ́ ti há a láyà láti ọjọ́ méjì, èémí rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Ládùntán sáré dé ibẹ̀. Ojú ọ̀run ti dúdú, ẹ̀fúùfù tútù sì ń ti ìhà odò fẹ́ wá. Ó bá baba lórí ẹní, Abọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lórí ka itan.

"Abọ́sẹ̀dé, mo rí i pé ara rẹ̀ kò yá," ni Ládùntán wí. "Kò ní pẹ́. Kí ó sáà dé gbọ̀ngàn lórí òkè, kí ó fọwọ́ sún àpótí rẹ̀ kan ògiri, a ó gbé e padà wá fún ọ."

"Ẹ wo bí bàbá mi ṣe ń mí. Bí ẹ bá gbé e gun òkè nínú ẹ̀fúùfù yìí, ẹ kò ní gbé e padà láàyè."

"Igba ènìyàn ń bẹ lẹ́yìn odi, òjò sì ti ṣú."

"Mo mọ̀. Ṣé àpótí ni ẹ wá gbé níbí ni, àbí ènìyàn?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, bí Ládùntán ti wo ojú baba àgbàlagbà yẹn, ẹni kọkànlá ni ó rí. Baba Ọdẹ́yalé ni ó gbé ọwọ́ sókè, tí ó sì rọra wí pé, "Ẹ gbé mi. Mo ti ṣèlérí." Ọkùnrin mẹ́rin tí kì í ṣe ará ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ sórí pákó, wọ́n gbé àpótí rẹ̀ tì í lẹ́sẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Abọ́sẹ̀dé ń tẹ̀ lé wọn, ó ń sunkún, ó sì ń fa aṣọ bo àyà baba rẹ̀.

Ilé Ògúnjìnmí wà ní agbedeméjì òkè náà. Wọ́n bá a níbi tí ó ti ń jáde bọ̀, òun àti mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àpótí lábẹ́ abíyá. Àwọn ará Òkè náà mọ ìṣirò. Ọ̀kan nínú wọn, Ṣàńgódèyí, wo Baba Ọdẹ́yalé lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ kíákíá," ni ó wí. "Baba yìí kò lè dé òkè. Mẹ́wàá sí mẹ́wàá ni yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ Àtàkò ti kú."

Ògúnjìnmí súnmọ́ pákó, ó gbé ọwọ́ lé àyà Baba Ọdẹ́yalé. Ikọ́ gbé baba, ó wú u títí, ètè rẹ̀ sì funfun bí eérú.

"Ta ni ó ní kí ẹ gbé e jáde?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n," ni Ládùntán wí. Ojú tì í.

"Nítorí Àtàkò?"

"Nítorí Àtàkò ni."

Ògúnjìnmí wo òkè, ó sì wo òjò tí ó ṣú. Lẹ́yìn náà ni ó sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀ sí àárín ọ̀nà, ó jókòó lé e.

"Ẹ gbé e wọ ilé mi, iná wà nínú ààrò. Abọ́sẹ̀dé, bá wọn wọlé. Bí baba kò bá dé gbọ̀ngàn lónìí, èmi náà kò ní dé ibẹ̀."

"Olórí, a ti borí!" ni Ṣàńgódèyí wí. "Mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án ni ẹ sọ ọ́ dà yẹn."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n kà. Ẹ máa lọ."

Ládùntán dúró sójú ọ̀nà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó ti fi ń bá ọkùnrin yìí jà, ó sì mọ gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀. Bí òun bá fi baba sílẹ̀ níbí, tí Ògúnjìnmí sì dìde lẹ́yìn òun, tí ó gbé àpótí rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ẹ kò ní wá?"

"O kò lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà wo baba yìí, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ ṣe."

Ládùntán wo baba. Nígbà tí ó wò ó lọ́tẹ̀ yìí, ènìyàn ni ó rí. Ó ní kí àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà gbé e wọlé. Ó dá gun òkè lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti jẹ́ olórí, láìmọ iye tí yóò bá níbẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, ọba ní kí wọ́n gbé àpótí. Mẹ́wàá lọ sí ìlà-oòrùn, mẹ́jọ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ṣàńgódèyí kò tíì dé, Ògúnjìnmí kò tíì dé. Ọba ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ládùntán tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n gbúròó ẹsẹ̀ lórí òkúta àgbàlá. Ṣàńgódèyí ni ó wọlé. Ó ti dúró bẹ Ògúnjìnmí, ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Ó fi ìbínú sọ àpótí rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ó di mẹ́sàn-án. Ọba dúró sí i. Ẹnikẹ́ni kò tún wọlé mọ́.

"Àtàkò ti di ti àwọn ará Ìlágbẹ́," ni ọba wí.

Ládùntán gbé àpótí rẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Láti orí òkè ni ó ti rí àwọn ará Ìlágbẹ́ tí wọ́n ru ẹní sórí, tí wọ́n ń sáré lọ sí Àtàkò nínú òjò, tí wọ́n ń kọrin. Ó yà sílé Ògúnjìnmí. Baba Ọdẹ́yalé ti mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, èémí rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Abọ́sẹ̀dé náà ti sùn lọ níbi tí ó jókòó sí. Ládùntán dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ kò fẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ yìí."

"N kò fẹ́. Títí di bí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, n kò fẹ́. Bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀, n ó bá ọ fa ọ̀rọ̀ ààlà Àtàkò, n ó sì borí rẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ara yín tán nítorí àtiborí mi, ta ni n ó máa bá jà? Dìde, kí o mu ẹ̀kọ."

Ọdún mẹ́rin ni Baba Ọdẹ́yalé tún lò láyé. Nígbà tí ọdún yípo, Ògúnjìnmí fa ọ̀rọ̀ ààlà náà lóòótọ́, ó sì borí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹnìkan ní ìhà kan bá ń ṣàìsàn lọ́jọ́ pípín, ẹnìkan ní ìhà kejì á jókòó sílé, kò ní lọ sí gbọ̀ngàn. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì bi wọ́n pé irú ọ̀tá wo nìyí, ohun tí àwọn àgbà Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ fi ń dá wọn lóhùn náà ni gbogbo wa jogún lẹ́nu wọn: bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.