Dígí Tí Àwẹ̀ró Fi Ọwọ́ Òsì Gbà

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi yí gbiri gbiri, ó dúró lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró àti dígí ilé wọn. Ẹ má tòògbé o, ẹ̀yin lẹ ó gbe orin rẹ̀!

Dígí yìí pẹ́ láyé ju gbogbo ará ilé lọ. Idẹ ni ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fín ẹyẹ sí i lára yí ká, ó ń dán yànrànyànràn. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin ilé bá ń lọ ilé ọkọ nìkan ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú igbá. Ìyàwó á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí gbogbo ìyá ilé náà ló ti wojú níbẹ̀.

Ó wá kan Àwẹ̀ró. Ọmọ náà rẹwà, ó rẹwà kọjá sísọ! Òun náà sì mọ̀. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kun osùn sẹ́sẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà gbé dígí dé.

"Àwẹ̀ró, kúnlẹ̀ gbà á."

"Osùn wà lọ́wọ́ mi, Ìyá Àgbà. Ṣebí dígí lásán ni!" Ó na ọwọ́ òsì, ó já a gbà.

Háà! Ó rí ògiri nínú dígí, ó rí ẹnu ọ̀nà, kò rí ara rẹ̀. Ó nu ún, ó tún wò. Òfo! Ìyá rẹ̀ wọlé, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ọmọ ta nìyí? Àwẹ̀ró mi dà?" Àwọn ará ilé ọkọ sì ti dé, wọ́n ń pe ìyàwó lóde.

Àwẹ̀ró rántí ọwọ́ òsì tó nà. Ó kúnlẹ̀ gbì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé dígí, ó kọrin:

Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà yín
*Ẹ dákun, ìyá*
Ìyá mi ò mọ̀ mí mọ́
*Ẹ dákun, ìyá*
Ojú wo ni n ó gbé délé ọkọ?
*Ẹ dákun, ìyá*

Dígí mọ́lẹ̀ kedere. Ojú arúgbó kan yọ, imú Àwẹ̀ró ló wà níbẹ̀. Òmíràn yọ, eyín Àwẹ̀ró ló fi ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn tún yọ. Ìyá Àgbà, tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nílé, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ìyá mi rèé o! Ẹ káàbọ̀, ìyá mi!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ojú Àwẹ̀ró tó yọ. Ìyá rẹ̀ figbe ta, "Ọmọ mi!" ó sì dì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ, ojú tí ẹ fi ń yangàn yìí, àwọn kan ló gbé e wá fún yín. Ẹ má fojú di wọ́n.

Àlọ́ mi délé, ó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí ètè mi lẹ̀ pọ̀. Ẹ gbọ́: pà! Ó là.