Ògúntuyì àti Táyà Ẹ̀yìn

Ní ìlú Ẹsẹ̀-Òkè, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà tó gòkè lọ sí Òkè-Ọ̀wá, ayafọ́tò kan wà tó ń jẹ́ Ògúntuyì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún èèyàn pé, "Ẹ má mira," ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń mira tó òun fúnra rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa gbọ̀n. Bó bá ń jẹun, á ti dìde kí òkèlè tó dé ọ̀nà ọ̀fun. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó tirẹ̀ gan-an, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a yà, ojú ìyàwó hàn kedere, ṣùgbọ́n ojú ọkọ dà bí èéfín, nítorí ó ti yíjú kí wọ́n tó yà á tán.

Òyìnbó tó la ọ̀nà òkè náà ló ta ọkọ̀ kékeré kan fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ eré ìje ni, ó pupa, ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè fò ó kọjá, èèyàn méjì péré ló sì gbà. Kò ní ìjókòó ẹ̀yìn rárá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó ló ń ra ọjà.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún kan, òun àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti Adó. Ìbídùn ní kó dúró kí òun ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pa ẹ́ńjìnnì. Bí obìnrin náà ti ń ná ọjà lọ́wọ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan fun fèrè lẹ́yìn, ni Ògúntuyì bá tẹ iná, ó di ilé. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn, àfi ìgbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn tó yíjú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí i pé ìjókòó ṣófo. Ìbídùn wọ ọkọ̀ agbégẹdú. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé Ẹsẹ̀-Òkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó bá a gòkè lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀wá, pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó lórí itan.

Oṣù méjì ni wọ́n fi bẹ àwọn àna kí wọ́n tó gbà láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bàbá Fámúrewá, bàbá Ìbídùn, ránṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pé: "Kí Ògúntuyì jẹ́ kí àwọn àgbà rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ẹ̀bẹ̀ wọn bá wọ̀ wá létí, yóò mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí kò bá wọ̀ wá létí, kó má tún gun òkè yìí mọ́." Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ náà dé. Láti ìgbà náà ni oorun ti kúrò lójú Ògúntuyì.

Àgbà tó máa ṣáájú ẹ̀bẹ̀ ni Bàbá Láwoyin, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, tó sì tún jẹ́ fọ́kanáísà, ẹni tó ń tún táyà ṣe. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi Ògúntuyì kì í ṣe nípa ìyàwó. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ pupa náà, ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ rọ́bà táyà kọ̀ọ̀kan, bí ìṣe rẹ̀.

"Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pá," ó ní. "Kọ́nà méje ló wà lórí òkè yẹn. Ìwọ tó o fẹ́ lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ sọ̀ kalẹ̀, kí lo fẹ́ fi gbé e?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ògúntuyì ti wà ní Ìbàdàn, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta táyà ọkọ̀ kéékèèké. Obìnrin náà gbé oríṣi méjì síwájú rẹ̀.

"Èyí le," ó ní. "Á lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ ọkọ̀, mo sì ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà mú. Èyí ni táyà eré, ìgbà oòrùn ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Bí ọ̀dà bá gbóná, á lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ẹ tún wo ojú ìlà rẹ̀ bó ṣe jìn, omi òjò á rí ibi gbà jáde. Méjì péré ló kù lọ́wọ́ mi. Méjì míì ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Ẹtì."

Ògúntuyì fi èékánná tẹ táyà eré náà, bó ṣe ń rí i kí Bàbá Láwoyin máa ṣe. Èékánná wọlé, rọ́bà sì rọra tì í padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ fún mi ní méjì yìí."

"Ọ̀gá, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù tí ìyókù á fi dé. Táyà eré kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wọ̀ láàbọ̀."

"Ìyá, ìyàwó mi wà lórí òkè."

"Ṣé táyà ló máa bá yín bẹ̀ ẹ́ ni?"

Ṣùgbọ́n ó ti gbé táyà kan sí èjìká.

Bàbá Láwoyin ló wọ táyà náà sí ríìmù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó ń fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, Ògúntuyì pariwo.

"Ẹ̀yìn kẹ̀, bàbá? Iwájú ló ń darí ọkọ̀! Iwájú làwọn àna mi máa kọ́kọ́ rí!"

"Bí iwájú bá yọ̀," ni àgbà náà dáhùn láìgbójú sókè, "ìdarí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, o lè rọra tẹsẹ̀ dúró kó o fà á padà. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀ ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi dì í mú? Ọwọ́ rẹ ò tó o. Bó bá jẹ́ mẹ́rin lo ní, mi ò ní bá ọ jiyàn. Padà lọ́jọ́ Ẹtì lọ mú méjì tó kù. Bí o ò bá lè dúró, lọ ra mẹ́rin tó le yẹn, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa rìn."

"Òjò ò tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́rin."

"Òjò kì í ránṣẹ́ kó tó dé."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Bàbá Láwoyin lọ sóko, Ògúntuyì yá jáàkì rẹ̀ láìtọrọ. Ó kó táyà tuntun ẹ̀yìn síwájú, ó kó táyà pípá iwájú sẹ́yìn. Ó gun òkè náà dé ìdajì lọ́jọ́ yẹn, ó tún gùn ún ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn ń ràn, ọ̀nà gbẹ, ọkọ̀ sì di kọ́nà mú bí ẹni tó di ọmọ mú. Ó wá dá ara rẹ̀ lójú pé àgbà ń bẹ̀rù lásán ni. Ọjọ́ Ẹtì dé, ó lọ, Ògúntuyì kò sì dé Ìbàdàn. Ó ní Ẹtì ti sún mọ́ Àbámẹ́ta jù.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ni wọ́n fi àdéhùn sí. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ Bàbá Láwoyin ni yóò kó àwọn àgbà, Ògúntuyì á sì tẹ̀ lé wọn. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ló ti wọ agbádá. Ó jókòó, ó dìde, ó nu ọkọ̀, ó tún un nù. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú ọjọ́ ṣú, àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà sì rọ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò ju kó fọ eruku lójú ewé lọ. Èéfín ń rú lójú títì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni."

"Màá kàn ṣáájú díẹ̀, kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ògúntuyì! Ẹni tí wọ́n ń bá bẹ̀bẹ̀ kì í ṣáájú àwọn tó ń bá a bẹ̀bẹ̀. Jókòó!"

Ó jókòó. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í di iṣu tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún àna. Wọn kò tíì di iṣu náà tán tí wọ́n fi gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà.

Inú Ìbídùn dùn nígbà tó gbọ́ igbe yẹn láti òkè, ká má purọ́. Kò sí ọkọ̀ míì tó ń ké bẹ́ẹ̀. Ó ti di àpótí rẹ̀ láti òwúrọ̀, nítorí inú tó bí i ti rọ̀ tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé bàbá rẹ̀ ni ilé àkọ́kọ́ lẹ́yìn kọ́nà keje, àgbàlá rẹ̀ sì kọjú sí títì. Ìbídùn gbé àpótí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì yanrìn tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi mọ ògiri.

Ògúntuyì ti gba kọ́nà mẹ́fà. Bó ti ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìgboyà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Eruku oṣù mẹ́rin àti òróró ọkọ̀ agbégẹdú ti pò pọ̀ mọ́ omi òjò lójú ọ̀dà, ọ̀nà ń dán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà ní ilé àna. Nígbà tó dé kọ́nà keje, ó yí ìdarí ọkọ̀. Iwájú gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó yà. Ẹ̀yìn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ń bá tirẹ̀ lọ tààrà, ó fẹ́ kọjá iwájú. Ògúntuyì rí igbó, ó rí ògiri, lẹ́yìn náà ló rí ọ̀nà tó gbà wá, tó ń sá lọ mọ́ ọn lójú.

Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ náà fi wọ àgbàlá. Ó já lu òkìtì yanrìn, ó sì dúró. Láàárín ẹ̀yìn ọkọ̀ àti ikùn Ìbídùn, kò ju gígùn apá kan lọ. Yanrìn bo ìró rẹ̀ dé orúnkún. Àpótí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògúntuyì jókòó sínú ọkọ̀, ó kọjú sí títì, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo àwọn àna rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí ojú rẹ̀ ì bá hàn kedere nínú fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn pẹ̀lú agbádá.

Bàbá Fámúrewá kò dá ìkíni rẹ̀ padà. "Ta ló bá ọ wá?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, bàbá."

Àgbà náà wo ọkọ̀, ó wo ọ̀nà tó dá páropáro. "Èmi ò rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ni mo rí."

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ ó gbé àpótí rẹ̀. Kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí, kò sì pè é lórúkọ lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀gá Fọ́tò," ó ní, "lọ́jọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ gbàgbé mi sẹ́yìn, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ọkọ̀ agbégẹdú. Lónìí, ẹ̀yìn tí ẹ gbàgbé fẹ́ẹ̀ pa mí." Ó gbé àpótí náà padà sínú ilé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó ju aago mẹ́rin àbọ̀ lọ kí píkọ́ọ̀pù tó fà gọ́gọ́gọ́ dé. Bàbá Láwoyin sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa, ó fi èékánná tẹ táyà. Ó le bí òkúta. Ó mọ̀ ọ́n. Táyà pípá tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ níwájú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kò bínú sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Fámúrewá, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó dúpẹ́ pé ọmọ wọn wà láàyè, kò sì dárúkọ ìyàwó rárá. Bàbá Fámúrewá gba iṣu, ó ní, "Bó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, a máa ránṣẹ́."

Ní ọjọ́ Ajé, Ògúntuyì lọ mú táyà méjì tó kù. Ọkọ̀ wá wọ mẹ́rin tó bára mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò wá láti òkè. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó di méjì, ó di márùn-ún. Ojoojúmọ́ ló ń lọ jókòó sí àtíbàbà Bàbá Láwoyin, ó ń ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ìdúró náà ń jẹ ẹ́ lára bí èèrùn. Ó fẹ́ lọ, ó fẹ́ sáré lọ, kò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, iṣẹ́ dé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, òjò gidi. Píkọ́ọ̀pù ló ṣáájú, tó ń ràkò bí ìgbín, ọkọ̀ eré ìje pupa sì ń tẹ̀ lé e láti kọ́nà kìíní dé ìkeje. Àwọn ọmọ ń sáré kọjá wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ògúntuyì di ìdarí ọkọ̀ mú, eyín rẹ̀ pàdé, kò fun fèrè lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Fámúrewá jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tẹ táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kó tó wá lọ síwájú. Nígbà tó tẹ ìkẹrin tán, ó na ara rẹ̀, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú ilé.

"Ìbídùn, gbé àpótí rẹ."

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Ìbídùn ní kó dúró kí òun ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ògúntuyì dúró. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó jáde, ó lọ dúró ti ìyàwó rẹ̀ nínú òjò títí tó fi ná an tán.

Títí di òní, bí àwọn ará òkè náà bá rí ẹni tó ń sáré lọ sí ibi ire, tí kò bojú wo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn rán an létí ọkọ̀ pupa, wọ́n á ní: iwájú tó bá gbàgbé ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni yóò fi wọ ilé àna.