Oògùn Aràn Tí Adìẹ Ń Wá Nínú Ilẹ̀

Àgbébọ̀ adìẹ ni wọ́n rẹ́ jẹ, ní ọdún tí Àwẹ̀ró, obìnrin tó ń sìn ín, gbé igbá oúnjẹ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà láéláé, kí ọdún yẹn tó dé, adìẹ kì í fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Inú igbá ló ti ń jẹun, orí òkúta sì ni igbá náà máa ń wà, kí imí má bàa kàn án. Inú ilẹ̀ ni aràn ń gbé. Adìẹ kò mọ aràn, aràn kò mọ adìẹ.

Nígbà tó yá, igbá fífọ̀ sú Àwẹ̀ró. Ó ní ṣebí adìẹ lẹ́nu ṣóńṣó, kó máa ṣa oúnjẹ nílẹ̀. Ó da ọkà sórí imí àná. Àgbébọ̀ ṣà á jẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣà á jẹ, aràn sì bá ọkà wọ inú wọn.

Kò pẹ́ tí ogbe Àgbébọ̀ fi funfun bí ẹfun. Bó ti ń jẹun tó, bẹ́ẹ̀ ló ń rù, ṣùgbọ́n ìyẹ́ bo egungun rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí i. Òròmọdìẹ mẹ́ta kú lọ́sẹ̀ kan. Méjì ló kù, ikùn wọn wú, apá wọn ń wọ́ nílẹ̀.

Oògùn kò jìnnà. Igi ìbẹ́pẹ Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, gbogbo ẹran ọ̀sìn ló sì mọ̀ pé bí a bá sá kóró rẹ̀ gbẹ, tí a lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ, aràn yóò bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n adìẹ kò lè lọ nǹkan. Ó lọ bẹ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní kò burú, kó kọ́kọ́ fi ẹyin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí kò lè fọ igbá ni yóò wá lọ oògùn fún ọ?"

"Ọmọ ló ń kú lọ́wọ́ mi," ni Àgbébọ̀ wí. "Kí ni kí n fi ẹyin ṣe?"

Àwẹ̀ró se ẹyin náà jẹ, ó ní kó yé òmíràn. Àgbébọ̀ tún yé e, pẹ̀lú ìfun tí aràn ti dì bí okùn. Àwẹ̀ró tún mú un. Nígbà tí òròmọdìẹ kẹrin kú, Àgbébọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kúrò.

Ìbẹ́pẹ ni Àwẹ̀ró ń jẹ lọ́wọ́. Ó tu kóró rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó ní:

"Abiyamọ, oògùn rẹ wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Wá a."

Àgbébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Kóró kò hàn. Iyẹ̀pẹ̀ tó ń gbé mì ni aràn tuntun tún ń bá wọlé. Ó ṣì ń ha á lọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó kù ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sì dìde mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń ha ilẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ náà sì ń fún un ní àrùn tó ń tìtorí rẹ̀ wá oògùn. Láti ọjọ́ náà ni kì í yé ẹyin kan kó má pariwo. Ẹni tó bá gbọ́ á jáde, á mú ẹyin, á sì wọlé padà. Ohun tí adìẹ sì ń sọ kò ju èyí lọ:

"Ẹ ti jẹ ẹyin mi. Ẹ lọ oògùn mi fún mi."